Àwa méjèèjì nìkan ló kù sílé látàárọ̀ dalẹ́: báwo ni ẹ̀yin ṣe ń pín ọjọ́ yín lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì?

Agbẹ̀bí Ìjẹrù (ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́wàá àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ sì kú òjò àrọ̀kúrò. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí nílé ìwòsàn ìjọba, lẹ́yìn ọdún 35 tí òfin là kalẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣáájú mi délé. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni wọ́n ṣe fún ìjọba, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti gbàwé tiwọn. Àwọn ọmọ ti lọ tán pátápátá: àkọ́bí wà ní Kánádà, èkejì wà ní Ìlú Ọba, àbíkẹ́yìn sì wà ní Èkó. Àwa méjèèjì nìkan là ń wo ara wa lójú láti ìdájí títí di alẹ́ báyìí.

Ẹ má ṣe rò pé ìjà ló dé. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, nítorí à ń gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀ràn náà hàn sí mi kedere, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó pa rọ́rọ́ ni: kò sí ìnáwó, kò sí ìsìnkú, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí àlejò tó kan ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni n ó fi sinmi. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kò sí ohun kan nínú ilé tí a kò tíì jiyàn lé lórí. Agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń tan rédíò, wọ́n á sì yí i sókè. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ òru, ìgbà náà gan-an ni oorun ń dùn mọ́ mi. Agogo méje ni wọ́n fẹ́ jẹun àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í lè fi nǹkan kan ẹnu títí agogo mẹ́wàá yóò fi lù. Bí mo bá wọ ilé ìdáná, wọ́n ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti to ìkòkò mi sí bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì gbé ìgò iyọ̀ sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ mi kò tó. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀wà wà lórí iná, wọ́n wọlé, wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n ní omi rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n dé e padà, wọ́n sì jáde. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú bí mi títí ẹ̀wà náà fi jinná.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ fẹ̀yìn tì, báwo ni ẹ ṣe ń pín ọjọ́? Ta ló ni ilé ìdáná? Ṣé kí n wá nǹkan ṣe síta ni, àbí kí n jókòó títí yóò fi mọ́ mi lára?

Olùkọ́ Àpáké (ọjọ́ Ajé, agogo kan ọ̀sán)

Ìyá wa, ẹ kú àbọ̀ sílé, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Olùkọ́ ni èmi àti ìyàwó mi, a sì ti fẹ̀yìn tì kí òfin ọdún 2022 tó sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65 lọ́jọ́ orí tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ọ̀nà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀ yìí, a ti rìn ín pẹ́.

Àkọsílẹ̀ ló gbà wá. A jókòó, a mú ìwé, a kọ bí ọjọ́ yóò ṣe máa lọ, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Láti ìdájí títí di agogo méje, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ rédíò yóò gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì yí i sílẹ̀. Ẹni tí ebi bá pa kí ẹnì kejì tó jí yóò po ògì rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì fọ ife tó fi mu ún. Láti agogo mẹ́sàn-án títí di agogo kan ọ̀sán, oníkálukú ló ni àkókò rẹ̀. A kì í pe ara wa sí ohunkóhun àfi bí iná bá ń jó ilé. Oúnjẹ ọ̀sán ni a máa ń jẹ pọ̀, ibẹ̀ náà la sì ti ń yanjú ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀.

Ẹ má fojú kéré wákàtí mẹ́rin yẹn. Tọkọtaya tí wọn kò kúrò lójú ara wọn látàárọ̀ kò ní ní ìròyìn kankan tí wọn yóò sọ fún ara wọn bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ. Èmi máa ń lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, tàbí kí n kí ọ̀rẹ́ kan ní Tákìé. Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí mo bá dé, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu àwa méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ tó pa rọ́rọ́ tí ẹ ń sọ náà, ìparí oṣù kẹwàá máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwa tí a ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, ọjọ́ karùn-ún sì jẹ́ ti àwọn olùkọ́. Wọ́n á kí wa lọ́jọ́ méjèèjì, ó di ọdún Kérésì kí ẹnikẹ́ni tó tún rántí wa.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́ta ọ̀sán)

Olùkọ́, ẹ dákun, ilé kì í ṣe kíláàsì. Tí mo bá lẹ ìwé mọ́ ara fìríìjì fún ọkọ mi, á bi mí pé ta ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí, èmi ò gba owó oṣù rí láyé mi. Ọjà Jagun ni mo ti ń tà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ̀yìntì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin tó ti ń jáde nílé fún ọdún 35 kò lè déédéé jókòó kó máa wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ wá nǹkan tà. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí à ń jẹ ọ̀kà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan, kò sígbà kan tí èlùbọ́ àti láfún kì í ní olùrà láàárín wa, àsìkò wọn gan-an ló sì ń wọlé bọ̀ yìí.

Bí a ṣe ń ṣe láfún kò le. Ẹ ra ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ bó o, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ débi pé ọwọ́ lè fọ́ ọ. Ẹ yọ okùn àárín rẹ̀, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lónìí o, nítorí pé òjò àrọ̀kúrò kò tíì dáwọ́ dúró tán. Tí òjò bá pa á nígbà tí kò tíì gbẹ, á hu funfun lára, ẹ ò sì ní rí ẹni tí yóò rà á. Ẹ dúró kí ọyẹ́ fẹ́ díẹ̀. Ti èlùbọ́ iṣu yàtọ̀: omi gbígbóná la fi ń bọ̀ ọ́, kì í ṣe omi tó ń hó. A óò fi sínú omi yẹn di ọjọ́ kejì kí a tó sá a. Ẹni tó bá jẹ́ kí omi hó lé e lórí ti se iṣu nìyẹn.

Ẹ óò rí i pé bí ẹ bá ti ní ohun tí ẹ ń ṣe, bí Bàbá ṣí ìkòkò ẹ̀wà nígbà mẹ́wàá, ẹ ò ní mọ̀ pàápàá.

Nọ́ọ̀sì Tákìé (ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́jọ alẹ́)

Ẹ kú ilé o, Màmá. Ọ̀gá mi ni irú yín lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹ óò forí jì mí bí mo bá ń sọ ohun tí ẹ ti mọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ sọ òótọ́ lórí pé kí wọ́n má jókòó lásán, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi nǹkan méjì kún un. Èkíní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi owó àjẹmọ́nú bẹ̀rẹ̀ òwò tí ẹ kò ṣe rí. Ẹ fi owó kékeré tí ẹ lè gbàgbé dán an wò. Èkejì ni ibi tí a ń sá láfún sí. Ojú títì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá a sí nítorí pé ọ̀dà títì tètè ń gbóná, eruku ọkọ̀, òróró ọkọ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn. Ẹ kan pẹpẹ nínú ọgbà yín, ẹ tẹ́ tapólì tó mọ́ lé e, kó ga ju ibi tí adìyẹ lè fò dé.

Ní ti oorun, ara tó ti mọ iṣẹ́ òru lára kì í yí padà lọ́sẹ̀ kan. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń kọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde síta, kódà bó jẹ́ pé àgbàlá nìkan lẹ dé. Oorun ọ̀sán kò burú, ṣùgbọ́n kó má kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru ní agídí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin méjèèjì lè jọ máa rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú rìn kánmọ́kánmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí apá wà lórí tábìlì ní ìdọ́gba pẹ̀lú ọkàn. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jiyàn tán. Iyọ̀ tí àjọ kan náà fọwọ́ sí fún àgbàlagbà kò tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì kan péré nínú gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà, màgí sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà ìgò iyọ̀ tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná.

Bàbá Kajú (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́fà àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín. Gbogbo ẹni tó ti fèsì, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó ni wọ́n dúró sí. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ tọkọ díẹ̀.

Ọkùnrin tó ti dá wà nílé láàárọ̀ fún ọdún mélòó kan ti di onílé gidi. Òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, òun ló ń pe ọmọ tó ń bu omi, òun ló mọ ìgbà tí gáàsì yóò tán. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìyàwó rẹ̀ fẹ̀yìn tì, ó wọlé, ó ní ìkòkò kò sí níbi tó yẹ. Ẹ̀yin gan-an, bí ọ̀gá tuntun bá dé wọ́ọ̀dù yín, tó sì yí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé inú yín yóò dùn sí i? Bàbá ṣí ìkòkò ẹ̀wà nítorí pé àwọn ni wọ́n ti ń ṣí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Oko ni èmi rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbáyọ. Mo ní kajú díẹ̀ lápá Oríire. Àsìkò yìí gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ nídìí kajú, bí àwọn tí kò dáko tilẹ̀ rò pé èso ṣì jìnnà. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, à ń ro ìdí igi, à ń kó koríko kúrò, à sì ń la ọ̀nà iná yí oko ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, nítorí pé iná tí ọdẹ tàbí darandaran bá sọ lè jó oko tí ènìyàn ti tọ́jú fún ọdún mẹ́wàá run lọ́sàn-án kan. Lẹ́yìn náà ni igi yóò rúwé tuntun, tí yóò sì tanná nígbà ọyẹ́. Oṣù kejì títí di oṣù kẹrin sí karùn-ún la máa ń ṣa èso. Ìyàwó mi máa ń bá mi lọ. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, a kì í sì jà.

Agbẹ̀bí Ìjẹrù (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mọ́kànlá àárọ̀)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá Kajú, ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, n kò tíì rò ó lọ́nà yẹn rí. Ṣùgbọ́n n kò ní lọ sóko. Orókùn mi kò gbà á, a kò sì ní oko kankan. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé la ní, mo sì lè gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kànga wa kì í gbẹ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, láfún wù mí. Màá fi owó díẹ̀ dán an wò gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ilé ìdáná. Bí mo bá bá ọjà lọ, tí mo sì dé ní ìrọ̀lẹ́, ìjọba ta ni n ó bá níbẹ̀?

Àlájà Sábó (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo méjì ọ̀sán)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dáná! Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi ń gùn báyìí? Láti ìgbà tí Alhaji mi ti fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n ń po kókó lẹ́yìn ìrun àsùbá, wọ́n á dín àkàrà bí wọ́n bá ti lọ ẹ̀wà lálẹ́, wọ́n á sì jí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àkàrà náà mu epo bí nǹkan míì, mo jẹ ẹ́, mo sì yìn wọ́n. Ẹni tí ẹ kò yìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í dé ọjọ́ kejì. Nísinsìnyí, bí àwọn obìnrin àsàlátù bá wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń bèèrè bóyá Alhaji ló dín in kí wọ́n tó mú un.

Ẹ pín in báyìí: kí oúnjẹ àárọ̀ jẹ́ tiwọn, kí ti alẹ́ jẹ́ tiyín. Ẹni tí oúnjẹ kì í bá ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí. Òfin kan ṣoṣo yẹn ti tó, kò nílò ìwé lára fìríìjì.

Olùkọ́ Àpáké (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́)

Àlájà, òfin yín dára, ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo tún ní iyèméjì kan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni kò ní gbà kí àlejò bá wọn nídìí epo àkàrà, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Agbẹ̀bí bèèrè ohun tí Bàbá fẹ́ gan-an lọ́wọ́ wọn kí a tó yan àkàrà fún wọn.

Ohun kan tí mo gbàgbé lánàá ni ìrọ̀lẹ́. Láàárín agogo márùn-ún sí ìgbà tí ilẹ̀ yóò ṣú ni ilé máa ń pa lọ́lọ́ jù, pàápàá bí iná kò bá sí. Èmi àti ìyàwó mi máa ń ta ayò. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 48 lápapọ̀. Ẹni tó bá lè fọkàn kà á dáadáa ni yóò jẹ. Kò gba owó, kò gba iná, kò sì sí bí ẹni méjì yóò ṣe ta á tí wọn kò ní bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bàbá Kajú (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo méje alẹ́)

Ọ̀rọ̀ ayò yìí, Olùkọ́, ẹ fi ohun kan pa mọ́: ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ń jẹ lójoojúmọ́ kì í rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi níta ni àwọn bàbá wa ti máa ń ta ayò, ọkùnrin sí ọkùnrin, n kò sì rí ohun tó burú nínú kí Bàbá jáde lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn wà. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ ṣe.

Àkọ́bí ní Toronto (ọjọ́ Ọjọ́rú, agogo mẹ́ta ìdájí)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Èmi kì í ṣe ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n àwọn òbí mi wà ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, bákan náà ni ọ̀ràn tiwọn sì rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé àwa ọmọ tí a wà lẹ́yìn odi kì í mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ti pa rọ́rọ́ mọ́ yín lára. Tí a bá pè, ẹ óò ní “gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa”, a óò sì sọ fóònù sílẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ tí a óò máa rí ara wa lórí WhatsApp, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jókòó sídìí rẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ń gbé fóònù fún ẹnì kejì.

Ẹ ṣọ́ra fún àkókò o. Ìgbà yìí ni wọ́n máa ń dá agogo padà lọ́dọ̀ wa àti ní Ìlú Ọba, tí ọjọ́ bá ti ń kúrú. Báyìí, wákàtí márùn-ún ni Nàìjíríà fi ṣáájú Toronto. Bí wọ́n bá ti dá a padà, yóò di mẹ́fà. Ìyá mi bínú sí mi lọ́dún kan pé mo pẹ́ kí n tó pè, bẹ́ẹ̀ ni agogo lásán ló yí.

Ará Ìlú Ọba (ọjọ́ Ọjọ́rú, agogo mẹ́jọ àárọ̀)

Kí n tún un ṣe díẹ̀: ọjọ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ń dá a padà. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni ti Ìlú Ọba, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá sì ni ti Toronto. Kí wọ́n tó dá tiwa padà, agogo wa àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ló fi wákàtí kan ṣáájú wa. Bí Màmá bá fẹ́ kí ọmọ méjèèjì bọ́ sórí ìpè kan náà, agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ yín ló rọrùn jù: agogo méje ni lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà, agogo méjì ọ̀sán sì ni ní Toronto. Bí ọmọ tó wà ní Kánádà bá ń gbé ní Calgary, agogo tirẹ̀ tún wà lẹ́yìn ti Toronto.

Akọ̀wé Àtijọ́ (ọjọ́ Ọjọ́rú, agogo mẹ́wàá àárọ̀)

Kí ẹ tó bọ́ sórí láfún tàbí ayò, ẹ lo ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ rọ́rọ́ yẹn fún ìwé. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ jókòó, ẹ kó ìwé ìgbàṣiṣẹ́, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ilé àti nọ́ńbà àkáǹtì sínú fáìlì kan ṣoṣo, kí oníkálukú mọ ibi tó wà. Bí ẹ bá wà lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì olówó ìdásí tí òfin ọdún 2004 gbé kalẹ̀, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2014, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó mú ọ̀nà tí owó yóò gbà máa wọlé: ọ̀kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó yín yóò máa san án díẹ̀díẹ̀, òmíràn sì wà tí ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò máa san án títí láyé. Olùṣirò owó ni Bàbá. Ẹ fi iṣẹ́ yìí lé wọn lọ́wọ́, yóò gbà wọ́n tó ọjọ́ mélòó kan kúrò ní ilé ìdáná.

Agbẹ̀bí Ìjẹrù (Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀)

Mo gbọ́ràn sí Olùkọ́ lẹ́nu, mo ní kí Bàbá wá ka ohun tí gbogbo yín kọ, láti òkè délẹ̀. Wọ́n fi awò ojú sójú, wọ́n kà á tán, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé fóònù wá kí àwọn náà fèsì. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí.

Agbẹ̀bí Ìjẹrù (Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú)

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi ni ọkọ rẹ̀. Mo kí Bàbá Kajú fún ìgbèjà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti iyọ̀. Dókítà ló ní kí n dín in kù, mo sì gbé e sókè kó má baà rọrùn fún mi láti nawọ́ mú un nígbà tí mo bá ń se nǹkan lémi nìkan. N kò sọ fún un nítorí pé ìgbà tó bá ti iṣẹ́ òru dé, oorun ló máa ń wá. Ní ti ìkòkò, kó tò ó bó ṣe fẹ́. Ní ti rédíò, n kò lè fi ìròyìn ìdájí sílẹ̀. Ó ti wà pẹ̀lú mi kí ìyàwó mi tó fẹ̀yìn tì. Màá ra èyí tí wọ́n ń kì bọ etí, bí àbíkẹ́yìn wa bá lè fi èyí tó dára ránṣẹ́ láti Èkó.

Mo fara mọ́ ìpín Àlájà, àfi pé n kò ní dín àkàrà. Ògì àti mọ́ínmọ́ín ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, mọ́ínmọ́ín mi sì dára. Kí ó sọ bí mo bá purọ́. Ìwé fáìlì ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ìwé tirẹ̀ nìkan ló kù. Èyí tí n kò fara mọ́ ni wákàtí mẹ́rin tí Olùkọ́ ní kí a má pe ara wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sínú ilé yìí láìrí ẹni tí n ó pè. Wákàtí méjì tó.

Bàbá Kajú, ṣé ẹ gba ẹni tí kò mọ àdá mú dáadáa?

Nọ́ọ̀sì Tákìé (Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́wàá àárọ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ti dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yá, ẹ sì sọ orúkọ oògùn náà fún Màmá lónìí. Tí ẹ bá ń lọ sóko, ẹ mú omi dání, ẹ má sì kúrò nílé láìjẹun.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ọjọ́bọ̀, agogo méjìlá ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sóko ni kí Ìyá Agbẹ̀bí wá bá mi ní Jagun, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ẹ̀gẹ́ tó dára àti èyí tó ti le bí igi kí wọ́n tó ra àpò kankan. Kí wọ́n má ra lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀ láti ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kan fún wọn wò.

Bàbá Kajú (Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́)

A gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, Bàbá. Ẹ kò ní mú àdá. Ọ̀nà iná tí a ti là la óò máa gbá koríko gbígbẹ kúrò lójú rẹ̀, ọkọ́ àti àmúga la fi ń ṣe é, mo sì ní àpọ̀jù. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nítorí eèrà. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọkọ̀ wa máa ń gbéra ní Tákìé, agogo mọ́kànlá la sì ń padà. Ẹ lè gbọ́ ìròyìn yín tán kí ẹ tó jáde.